Ẹ Bi Ìyá Aláṣọ: Ogun Ojú Fíìmù àti Ogun Tó Ṣẹlẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbí pé tíì líle àti èédú la fi ń sọ aṣọ tuntun di aṣọ ẹni tó ti sùn nínú igbó, lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n gbádùn. Gbogbo yín lẹ fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú fíìmù ogun àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwa tí a wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Aṣọ ni mo ń wọ̀ fún òṣèré, n kò kàwé ìtàn ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa rán aṣọ jagunjagun, àfi kó mọ ẹni tó jà, ọdún tó jà, àti ẹni tó bá jà. Mo ti da àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bú mi, mo ti ka tiyín náà, ẹ ṣé.

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Mo wo fíìmù The Woman King, inú sì bí mi débi pé mo pa tẹlifíṣọ̀n kí ó tó parí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n sọ di ìkà, Dàhọ́mì ni wọ́n sọ di olùgbàlà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Àwọn obìnrin jagunjagun Dàhọ́mì yẹn gan-an, ṣé wọ́n tiẹ̀ wà? (Olùkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Wọ́n wà, ọmọ mi. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i, torí ìdí odi yín ni púpọ̀ nínú wọn kú sí. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni Ghezo, ọba Dàhọ́mì (ilẹ̀ Benin òde òní), kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin náà sì wà níwájú. Àwọn ará Ìṣágà ti ṣe bí ẹni tó tẹrí ba fún un lójú ọ̀nà, wọ́n wá gbà á nímọ̀ràn tí kò dáa: wọ́n ní kó wá lọ́sàn-án gangan, kó sì gba ẹnubodè Aró wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún odi rẹ̀ mọ. Ẹ̀gbá ti wà lórí odi pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ń dúró dè wọ́n. Thomas Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, wà nílùú lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ìtàn tó wà nílẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tú òkú ọ̀tá àkọ́kọ́ sí ìhòòhò láti gé ohun tí àṣà ogun ìgbà yẹn ní kí wọ́n gé, obìnrin ni wọ́n bá. Ìtìjú di ìbínú. Wọn ò tíì gbọ́ ọ rí pé obìnrin ló ń lé àwọn sẹ́yìn, ni wọ́n bá tú jáde. Dàhọ́mì sá. Glele ọmọ Ghezo pa Ìṣágà run ní 1862 láti gbẹ̀san ìmọ̀ràn ọjọ́ yẹn, ó tún padà wá bá Abẹ́òkúta ní 1864, wọ́n sì tún lé e. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fíìmù: kí ló tún kù tí ẹ ń wá? Odi wà níbẹ̀, ọ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ọ̀sán gangan sì ni, ẹ ò ní náwó iná.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fíìmù yín. Ọdún 1823 ni wọ́n fi í sí, wọn ò sì parọ́ níbẹ̀. Dàhọ́mì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ ó ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Ghezo tó gorí oyè ní 1818, ọdún 1823 ló sì kọ̀ pé òun ò san mọ́. Ẹṣin tí ẹ rí lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ náà tọ̀nà. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, apá òkè ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń rà á, torí eṣinṣin irù kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ohun tí fíìmù ò sọ ni pé Ọ̀yọ́ tí Ghezo kọjú ìjà sí ti ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Àfọ̀njá ti ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin, ogun abẹ́lé sì ti gba ilé kan. Kì í ṣe kìnnìún tó jí pépé ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ọ̀gágun Ọ̀yọ́ inú fíìmù náà ń jẹ́ Ọba Adé. Jimmy Odukoya, ọmọ wa, ló ṣe é, ó sì ṣe é kó dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jẹ́ Ọba nínú àgọ́ ogun nígbà tí Aláàfin ń bẹ láyé? Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà, Baṣọ̀run wà, àwọn Ẹ̀ṣọ́ àádọ́rin wà. Mẹ́ta nínú wọn tó láti fi orúkọ gidi fún ẹnikẹ́ni. Ká ní wọ́n bi ẹnì kan ní ọjà Akẹ̀sán, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà.

Ibi tó ká mi lára jù lọ nìyí. Nínú fíìmù, Nanisca tí Viola Davis ṣe ń bẹ ọba pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kó máa ta epo pupa, ọba sì gbọ́. Ní tòótọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló dí etíkun mọ́ Ghezo kí ó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1852, kò sì pẹ́ tó tún fi padà sídìí òwò náà. Epo náà, ó tà á. Àwọn ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ. Àwọn jagunjagun obìnrin yìí kì í wo ìkónilẹ́rú láti òkèèrè, àwọn gan-an ló ń lọ kó o. Ní 1860, wọ́n já wọ ìlú Kossola ní ìdájí. Ọmọ Yorùbá ni Kossola, òun ni wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis ní Amẹ́ríkà nígbà tó yá. Ó dàgbà, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé obìnrin wà lára àwọn tó gbá àwọn mú tó sì ń bẹ́ èèyàn lórí. Wọ́n mú un lọ sí èbúté Ouidah, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Clotilda, ó di Alabama. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà ló tẹ Africatown dó. Ìgbà tí ẹ bá fi ojú Kossola wo fíìmù yẹn, ẹ ó rí i pé orin ayọ̀ ìparí rẹ̀ kò lè wọ̀ létí.

Ní ti iṣẹ́ tèmi: aṣọ Gersha Phillips wú mi lórí. Ó ṣeé sá nínú rẹ̀, ó ṣeé tàkìtì, ìyẹn sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí àwọn òṣèré náà fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ìjà, àwọn fúnra wọn ló sì ja púpọ̀ nínú ìjà tí ẹ rí. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti yà á, kì í ṣe Abomey, olú ìlú Dàhọ́mì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ìbọn. Àwọn obìnrin Dàhọ́mì gidi, ìbọn ni ohun ìjà wọn pàtàkì, pẹ̀lú abẹ ńlá kan tó ń ṣẹ́ bí abẹ onígbàjámọ̀. Fíìmù fún wọn ní idà torí idà ń jẹ́ kí kámẹ́rà rí ojú òṣèré. Èéfín ìbọn máa ń bo ojú, owó tabua sì ni wọ́n san fún ojú Viola Davis.

Ẹ káàsán o, Màmá. Ẹ̀yin Yorùbá ẹ kì í wẹ ara yín mọ́ bí? Ìgbà tí ẹ bá ti ń sọ ti ẹrú, Dàhọ́mì nìkan lẹ máa ń rántí. (Olùkàwé kan, Àjàṣẹ́, ilẹ̀ Benin)

Ìlú tí ẹ ti kọ̀wé yìí gan-an ni èbúté tí Ọ̀yọ́ máa ń gbà ta ẹrú tirẹ̀ ní ayé Aláàfin Abíọ́dún. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ sì tú, Yorùbá ń ta Yorùbá láìsinmi. Báwo ni ẹ rò pé èdè wa ṣe dé Bahia àti Cuba tó bẹ́ẹ̀? Mi ò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí mo bá fíìmù yẹn wí ni pé ó wẹ ẹnì kan mọ́, ó sì da omi ìdọ̀tí náà lé ẹnìkejì lórí.

Ìyá, fíìmù ogun wo ni aṣọ rẹ̀ burú jù lójú yín? Akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ni mí, mo fẹ́ fi kọ́gbọ́n. (Ìlọrin)

Braveheart, ti 1995. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Mel Gibson. William Wallace, akọni Scotland tí Gibson ṣe nínú rẹ̀, bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní òpin àwọn ọdún 1200 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1300. Aṣọ onílà tí wọ́n ró mọ́ ìdí nínú fíìmù yẹn, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ará Scotland tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà búlúù tó kùn sójú, ti àwọn baba ńlá wọn tó bá Róòmù jà ni, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú kí wọ́n tó bí i. Ọkùnrin kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó wọ aṣọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì kun ọ̀dà baba-baba rẹ̀.

Ìyẹn kéré. Ogun Stirling, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1297, ìdí afárá ni wọ́n ti jà á. Afárá tóóró ni. Àwọn ará Scotland dúró títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi rékọjá tó bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́gun mọ, ni wọ́n bá já lu àwọn tó ti rékọjá, àwọn tó kù lódìkejì ò sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọgbọ́n ogun náà wà nínú afárá. Fíìmù yìí ja ogun afárá láìsí afárá! Pápá gbalasa ni. Ọmọ ọba Faransé tó ń bá Wallace ṣeré ìfẹ́ nínú rẹ̀ ńkọ́? Ọmọdé tó wà ní Faransé ni Isabella nígbà náà. 1308 ló tó fẹ́ ọba Edward Kejì, wọ́n sì ti pa Wallace ní 1305.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kọ́gbọ́n nìyí. Ẹni tó rán aṣọ yẹn kì í ṣe òpè. Nínú fíìmù ogun, kí òṣèré tó lanu, aṣọ ti gbọ́dọ̀ sọ fún olùwòran pé èyí ni tiwa, ọ̀hún ni tiwọn. Èmi náà ń ṣe é: n óò fi aró pa ẹgbẹ́ ogun kan láró dúdú, n óò sọ kíjìpá ti èkejì di àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú omi èèpo igi. Ní ojú ogun Yorùbá gidi, ẹni tó wà ní ìhà ìhín àti ẹni tó wà ní ìhà ọ̀hún lè jẹ́ oníbàárà aláró kan náà. Tí mo bá wọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tí ẹ ó ṣàánú. Nítorí náà, irọ́ wà tí mo lè fara mọ́. Àmọ́ kí ẹ yọ afárá kúrò nínú ogun afárá, ìyẹn ti kọjá irọ́ aránṣọ.

Ẹ kú àtìjọ́ o, Mà. Bàbá àgbà kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gé nínú Saving Private Ryan, wọn ò ní ẹsẹ̀ ní tòótọ́, àti pé ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Òótọ́ ni àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ti gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n so ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mọ́ wọn, ẹ̀tù sì fọ́n ọn dànù. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbà láti ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Etíkun tí ẹ rí nínú fíìmù náà kì í ṣe Omaha ní Normandy, ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944. Curracloe ní Wexford ni, ilẹ̀ Ireland, àwọn ọmọ ogun àfipamọ́ ilẹ̀ Ireland ló sì kún ibẹ̀ bí sójà Amẹ́ríkà. Àwọn àfipamọ́ yìí kan náà ló ti jà fún Wallace àti fún Gẹ̀ẹ́sì nínú Braveheart! Ìjọba wọn mọ bí wọ́n ṣe ń fa onífíìmù mọ́ra. Èmi tí mo ti rí i tí àwọn tí a kó wá ṣe ogun sá lọ nígbà tí oúnjẹ pẹ́, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn ní àwọn tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tò.

Janusz Kaminski tó di kámẹ́rà mú ní kí wọ́n họ ohun tí wọ́n fi bo ojú lẹ́ǹsì kúrò, kí àwòrán lè ṣá bí ti ìgbà ogun. Dale Dye, ọ̀gá sójà tó jà ní Vietnam, ló kó àwọn òṣèré lọ sínú igbó, ó fi òjò àti ebi kọ́ wọn ní iṣẹ́ ogun. Wọn ò kó Matt Damon lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí inú lè bí àwọn yòókù sí i, torí òun ni Ryan, ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú sógun, tí wọ́n máa torí wíwá a kú. Ọgbọ́n ńlá! Ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n rí i, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni eré. Àmọ́ ẹ wo táǹkì ogun Jámánì tó wà ní apá ìparí dáadáa. Táǹkì Rọ́ṣíà ni, T-34, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ lẹ́wù Tiger. Ẹ rí i pé aṣọ kì í ṣe ti èèyàn nìkan.

Ìtàn náà ńkọ́? Ó ní gbòǹgbò. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Niland mẹ́rin wà, ọmọ Tonawanda ní ìpínlẹ̀ New York. Robert kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944, Preston kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti gbà pé Edward náà ti kú nígbà tí wọ́n já bàálù rẹ̀ bọ́ ní Bọ́má. Wọ́n bá dá Fritz, èyí tó kù, padà sílé. Ẹnikẹ́ni ò torí ẹ̀ kú; àlùfáà ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, Francis Sampson, ló wá a rí. Edward náà ò sì kú! Àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n àwọn Japan ní Bọ́má ni wọ́n ti rí i ní 1945.

Ohun kan wà tí bàbá ibi iṣẹ́ yín lè máà tíì sọ fún yín. Ẹ wo gbogbo etíkun yẹn látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí adúláwọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun 320th, tí adúláwọ̀ jẹ́ ọmọ ogun ibẹ̀, gúnlẹ̀ sí Omaha lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé fèrè onáfẹ́fẹ́ ńláńlá (bàlúùn) sókè pẹ̀lú wáyà, kí bàálù ọ̀tá má lè fò wálẹ̀ wá yìnbọn. Ọ̀kan nínú wọn, Waverly Woodson, fara gbọgbẹ́, ó sì tún fi nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí tọ́jú àwọn tó ṣubú. 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àmì ẹ̀yẹ tó ga dá a lọ́lá, ó ti kú tipẹ́. Wọ́n ka bọ́tìnnì aṣọ pé, wọ́n gbàgbé èèyàn.

Ṣé ọta gidi ló wà nínú ìbọn fíìmù? (Àwọn ọmọdé kíláàsì kan, Adó-Èkìtì)

Rárá o. Ẹ̀tù lásán ló máa ń wà nínú rẹ̀, láìsí ọta, kó lè tanná kó sì dún. Síbẹ̀ ó ń pani. Ní 2021, ní New Mexico, ọta gidi bọ́ sínú ìbọn kan níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Rust, ó sì pa Halyna Hutchins tó di kámẹ́rà mú. Níbi tí èmi bá ti ń ṣiṣẹ́, igi la fi ń gbẹ́ ìbọn tí wọ́n ń gbé sáré. Aṣọ náà léwu tiẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn sójà ti dá bọ́ọ̀sì wa dúró rí nítorí kàkí tó wà nínú àpò mi. Wọ́n ní kí gbogbo ọ̀wọ́ òṣèré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ọ̀gá wọn fi ka lẹ́tà ìyọ̀ǹda wa. Ẹni tó ń ṣe ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó jókòó pẹ̀lú fìlà ìyẹ́ lórí.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé páálí ni wọ́n fi ṣe sójà nínú Dunkirk? (Ìbàdàn)

Òótọ́ ni, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Christopher Nolan ò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya èèyàn fún òun, ó bá gé páálí. Wọ́n kun imú bàálù Jámánì ní àwọ̀ ìyeyè kí ẹ lè dá a mọ̀ lókè, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn sójà kúrò ní Dunkirk, etíkun Faransé, tán ni àwọn Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Mo fara mọ́ ìyẹn, irọ́ aláró ni. Àwọn ọmọ Íńdíà tó da ìbaaka ẹrù ní Dunkirk ní 1940, tí wọn ò sí nínú fíìmù náà rárá, ìyẹn ni mi ò fara mọ́.

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ìtàn gidi ni Jagun Jagun? Ọmọ mi fẹ́ mọ ọdún tí Ògúndìjì jọba. (Òṣogbo)

Kò jọba lọ́dún kankan, àròsọ ni. Ẹ sọ fún un kó má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Fíìmù náà dára, mo gbádùn ìjà inú rẹ̀, Lateef Adedimeji sì mọ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo lẹ béèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tó wà nínú mi. Ogun tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní nǹkan bí ọdún 1840, tí Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ fi dá ẹṣin Ìlọrin dúró, ogun oníbọn ni. Láti ìgbà ogun Òwu ni ìbọn ti wọ ilẹ̀ wa dáadáa láti ọwọ́ Ìjẹ̀bú. Nígbà tó fi máa di Kírìjí, láti 1877, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ti ń fi ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kì ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn, Ìbàdàn sì rí ojú rẹ̀. Ẹ wá wo fíìmù wa: idà, ọ̀kọ̀, ọfà, àti oògùn tó ń dá iná. Ṣakabùlà kan ṣoṣo lè máà sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti 1700, ó dáa. Bí ẹ bá ti kọ 1860 sójú fíìmù, ẹ fún wọn níbọn.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀tù gbówó lórí, ó nílò ìyọ̀ǹda, ó ń jó aṣọ mi. Owó ẹyọ lásán ni olóòtú á ní kí n rán mọ́ gbogbo ara, ó ní òun ló ń jẹ́ kó dà bí àtijọ́. Owó ẹyọ! Owó ni wọ́n ń ná nígbà yẹn. Ta ló ń rán owó ìná rẹ̀ mọ́ bàǹtẹ́ lọ sójú ogun? Ìgbàdí àti gbérí ọdẹ tó kún fún ìṣọ́ra ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún. Nígbà míì wọ́n máa ń gbọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Mà. Olùkọ́ ni mí lágbègbè Ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ wa fẹ́ ṣe eré nípa Isaac Fadoyebo ti Emùrè-Ilé àti àwọn tó lọ ja Ogun Àgbáyé Kejì ní Bọ́má (Myanmar òde òní). Ṣé fíìmù kan wà tí a lè wò? Kí ni ká sì wọ̀ fún wọn? (Olùkọ́ kan)

Inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Fíìmù eré ńlá tí Hollywood ṣe nígbà ogun náà, Objective, Burma! ti 1945, California ni wọ́n ti yà á. Errol Flynn àti àwọn sójà Amẹ́ríkà ló gba gbogbo Bọ́má níbẹ̀. Inú bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn èèyàn wọn ti kú síbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, débi pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nílé sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí Gẹ̀ẹ́sì tó ni ogun bá lè pòórá nínú fíìmù, ẹ ò ní bi mí ibi tí ọmọ Emùrè-Ilé wà.

Èyí tí ẹ óò wò ni The Burma Boy, ti Barnaby Phillips ṣe fún Al Jazeera ní 2011. Kì í ṣe eré, Bàbá Fadoyebo fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọdún kan kí ó tó kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ẹ má ṣe fi í ṣe oníbọn nínú eré yín o: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló wà. Ní oṣù Kẹta 1944, ní àfonífojì Kaladan, àwọn Japan yìnbọn sí wọn lójijì. Ọta ba ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló wà láàyè nínú igbó náà, tí ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí, fi wọ́n pamọ́ sínú ilé rẹ̀ títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi padà dé ní oṣù Kejìlá. Bí Japan bá ti rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé Shuyiman ni ì bá kú. Ẹ fún ọmọ tó bá máa ṣe Shuyiman ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀, òun ló ni eré náà.

Aṣọ wáyé. Ẹ má wọ̀ wọ́n ní fìlà pupa àti ẹ̀wù pénpé tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán sójà ayé àtijọ́. Ìyẹn wà fún ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́. Ní Bọ́má, ewé igbó ni àwọ̀ aṣọ wọn, fìlà etí gbọọrọ sì wà lórí wọn. Ẹ ra aṣọ funfun tó nípọn, ẹ pa á láró àwọ̀ ewé, ẹ fi ẹrẹ̀ pa orúnkún rẹ̀ kí ẹ tó sá a. Ẹ fún púpọ̀ nínú wọn ní àdá. Ẹrù sì gbọ́dọ̀ wà lórí wọn, torí orí ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ru ẹrù ogun la àfonífojì náà já, níbi tí ọkọ̀ ò lè dé.

Lápá òkè, níbi èjìká, ẹ rán àmì ẹgbẹ́ ogun wọn mọ́ ọn, ti 81st Division: aláǹtakùn dúdú lórí ìyeyè róbótó, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Ghana. Orí aláǹtakùn náà gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀. Aránṣọ yín á rò pé ó dorí kodò, á fẹ́ yí i padà, ẹ má gbà fún un. Bí ọmọ ogun bá gbé ìbọn sójú, tí apá rẹ̀ nà síwájú, ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni aláǹtakùn náà ń lọ.